Òkúta Àárín Agbo Ilé

Nígbà tí Odúnlàmí àti Akínbọ̀dé, àbúrò rẹ̀, ń jà nítorí igi orógbó bàbá wọn, àwọn àgbà ilé fẹ́ bá wọn parí ẹ̀. Odúnlàmí kọ̀ jálẹ̀, òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ ló lọ pè wá. Òyìnbó ri òkúta funfun kan mọ́lẹ̀ láàárín agbo ilé: ọ̀tún, níbi tí ilé Odúnlàmí wà, di ti Gẹ̀ẹ́sì; òsì, níbi tí ilé Akínbọ̀dé wà, di ti Faransé.

Òyìnbó lọ, òkúta ò lọ. Lọ́jọ́ tí Akínbọ̀dé ń kú lọ, sójà tó ń ṣọ́ òkúta náà, ọmọ ilẹ̀ wa, ní kí Odúnlàmí mú ìwé wá kó tó rékọjá lọ kí àbúrò rẹ̀. Inú bí Odúnlàmí, tó ti darúgbó, ó hú òkúta, ó jù ú sódò. Lọ́sàn-án gangan, òkúta ti padà síbẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀.

Ó gbé ọkọ́, ó gbẹ́ ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò ló bá níbẹ̀, ó gbóná bí ara èèyàn. Ó ń gbẹ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Gbòǹgbò náà kò kọrí sójú òkun níbi tí òyìnbó ti wá rárá, abẹ́ ẹnu ọ̀nà Odúnlàmí fúnra rẹ̀ ló wọ̀ lọ.

Ni ohùn Akínbọ̀dé bá jáde látinú òkúta: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀."

Ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹkún òkú fi sọ nílé Akínbọ̀dé, ní òdìkejì òkúta.