Ìdí Tí Ìgò Ọtí Fi Dúdú Tí Ọrùn Rẹ̀ Sì Gùn

Ìgò ni wọ́n ṣẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀, Péńpé, ni wọ́n jọ ṣẹ̀, ní ọjọ́ kẹta tí Ọ̀yà pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní ìlú Etídò, nígbà láéláé tí àwọn ẹranko ṣì ń kọ́lé tí wọ́n sì ń jẹ oyè.

Nígbà náà, ìgò kò ní ọrùn. Ara rẹ̀ lọ gbọọrọ bí òpó, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu àwo, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó mọ́ gaara bí omi ìsun. Ohunkóhun tí ó bá mu, gbogbo ayé ni yóò rí i. Nítorí náà, Ìgò kò mọ irọ́ í pa. Níbo ni ì bá fi irọ́ pamọ́ sí?

Ọ̀yà ni ó ń pọntí ní ìlú náà. Kò sí ẹni tí ó mọ àgbàdo tó o, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í kúrò lára àgbàdo. Yóò rẹ ẹ́ sómi, yóò jẹ́ kí ó hù, yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é, yóò sì sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò dà á sínú ìkòkò, tí yóò fi ewé bò ó lẹ́nu, tí yóò sì jókòó tì í títí ọtí yóò fi hó tán. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé e pa.

Ní ọjọ́ kẹta, Erinmi, Baálẹ̀ Etídò, yọ sí i. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

"Ọ̀yà, Baálẹ̀ Òkè-Odò ń bọ̀ wá kí mi lọ́la. Rọ ọtí sínú Ìgò àti àbúrò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó rí i bí ọtí mi ṣe ń dán."

Ọ̀yà kúnlẹ̀. "Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Ọtí náà ṣì ń hó. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì sí i."

"Ṣé ọtí ló jẹ Baálẹ̀ ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ọtí ni ò mọ̀."

"Èmi yóò jẹ́ kí ó mọ̀."

Ọ̀yà rọ ọtí náà. Ó fẹ́ fi ewé dí àwọn méjèèjì lẹ́nu fẹ́rẹ́, bí wọ́n ti ń dí Akèrègbè ẹlẹ́mu, kí ọtí lè rí àyè mí. Erinmi gba ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú nù.

"Ewé? Kí ẹ lè máa yọ́ ọ mu kí àlejò mi tó dé?"

Ó gé ìtì igi méjì, ó fi dí wọn lẹ́nu, ó fi òkúta gbá wọn wọlé, ó sì fi okùn dì wọ́n pinpin. Akèrègbè wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Láti kékeré ló ti wà nídìí ọtí, ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó kọjú sí ibòmíràn.

Kò pẹ́ tí Péńpé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi ń wú."

"Fara dà á," ni Ìgò wí. "Bí àlejò bá dé, wọn yóò ṣí wa."

"Bí wọn ò bá tètè dé ńkọ́?"

Ìgò fara tì í.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àlejò jókòó, àwọn ìjòyè jókòó. Erinmi gbé Péńpé sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Ẹ wo ọtí ìlú mi."

Bẹ́ẹ̀ ni Péńpé bẹ́ gbàù. Ìfófòó bo Erinmi lójú, ó wọ ihò imú rẹ̀ méjèèjì, iwájú ṣòkòtò rẹ̀ sì tutù bíi ti ọmọ tó tọ̀ sára. Baálẹ̀ Òkè-Odò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Àwọn ará Etídò náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rántí ẹwọ̀n Baálẹ̀ wọn, wọ́n gbé ẹ̀rín mì.

Ìgò ń wo ilẹ̀. Àfọ́kù ló kù nínú àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀tẹ̀ ni," ni Erinmi wí bí ó ti ń fun imú. "Ìran ìgò ló dìtẹ̀ mọ́ mi."

"Baálẹ̀, ẹ wò mí nínú," ni Ìgò wí. "Ọtí tó wà nínú èmi náà ṣì ń hó. Ohun tó pa àbúrò mi nìyí."

Àwọn ìjòyè na ọrùn wò ó. Òótọ́ ni. Ìfófòó ń ru sókè nínú rẹ̀, ìtì igi ẹnu rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ojú wọn kúrò lára Ìgò, ó bọ́ sára Erinmi.

Erinmi rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ̀yìn yọ. "Ara Ìgò yìí mọ́ jù," ni ó wí. "Àìsàn ni. Ẹ gbé e sórí iná kí ó gba èéfín."

Wọ́n gbé e sí èéfín. Ìgò wúkọ́, ó wúkọ́, títí ara rẹ̀ fi pọ́n dúdú bí obì gbígbẹ. Wọ́n gbé e padà wá.

"Ó yá, ẹ wò ó. Kí lẹ rí?"

"A ò rí nǹkan kan, Baálẹ̀."

"Akèrègbè, ìwọ tí o dàgbà sídìí ọtí?"

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, Baálẹ̀," ni Akèrègbè wí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló ń ka èèrà tó ń gun òrùlé ilé kejì.

Ọ̀yà nìkan ló bọ́ síwájú. "Èmi rí i. Mo sì ti sọ fún yín lánàá." Wọ́n lé e wọ igbó lójú ẹsẹ̀. Títí di òní, inú koríko ló ń gbé.

Erinmi wá di Ìgò mú lábẹ́ ẹnu. "Jẹ́wọ́."

"Kí ni kí n jẹ́wọ́?"

Erinmi fún un pinpin. Ibi tí ó dì mú ń tín-ín-rín, ó sì ń gùn. Ó tún fún un. Ni okùn bá já, ìtì igi fò jáde, ó gbá Baálẹ̀ níwájú orí kò. Àlejò tún ki ẹ̀rín bọlẹ̀. Erinmi fi ìbínú ta Ìgò nípàá nídìí, ìdí Ìgò wọnú, òun fúnra rẹ̀ sì sáré bọ́ sínú odò, ó rì sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn ìgò ọtí ti gùn, tí ara rẹ̀ ti dúdú, tí ìdí rẹ̀ sì ti wọnú. Láti ọjọ́ náà ni àfọ́kù ìgò ti ń gé ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìjòyè kó àfọ́kù Péńpé, wọ́n rì í mọ́ orí ògiri ilé wọn. Ẹni tí wọ́n wò níran títí ó fi kú ló ń bá wọn lé olè.

Àwọn tó ń pọntí nílé lónìí, bí wọ́n bá ń ṣa ìgò, irú èyí náà ni wọ́n ń ṣà. Wọ́n ní ọrùn gígùn ń jẹ́ kí ọtí rí àyè, àwọ̀ dúdú sì ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Wọ́n ń yin àpá, wọn ò béèrè ẹni tó dá a sí i lára.

Ní ọjọ́ tí Erinmi rì, Ìgò lọ dúró níwájú àwọn ìjòyè. Ó ní, "Ẹ pe Erinmi jáde nínú omi. Kí ó wá sọ lójú gbogbo ìlú pé òun ló dé wa lẹ́nu."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn na ife síwájú, ó ní kí wọ́n bu ọtí díẹ̀ sí i fún òun.