Dígí Tó Jẹ́ Kí Dúdú Ó Dú

Akínbòdé, ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe pé ó ń tún un ṣe o. Ṣíṣe ló ń ṣe é, ní ilé iṣẹ́ kan. Jókòó dáadáa, má wo ẹnu ọ̀nà. Èmi tí mo fi odindi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ ní físíìsì, mi ò ní máa bá ọ sọ̀rọ̀ kí o máa wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó ọkùnrin náà ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni baba náà ń gbé, yàrá kan ló sì ń ṣí. Tó bá se iṣu, ìdajì á kù sínú ìkòkò, torí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan.

Ní ọjọọjọ́ Àìkú, ọmọ á pè é lórí fóònù, baba á so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó lè rí ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa.

"Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Ìwọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá."

Ó parí. O ṣáà mọ àwa Yorùbá. Ilé lè máa jó lọ́wọ́, a ó kọ́kọ́ kí ara wa, a ó ní àlàáfíà ni, ká tó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi." Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí, wọ́n á dé ibi àlàáfíà, wọn ò ní dé ibi omi.

Ohun tí baba ń fẹ́ kò ju pé kí ọmọ wálé lọ. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá wo ojú ọmọ náà nínú tẹlifíṣọ̀n, ojú ń dán, ojú ń tàn. Ó ní, "Ayé ń yẹ ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ kó ìbànújẹ́ arúgbó lọ bá a fún?" Ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Wàyí o, ojú tẹlifíṣọ̀n, dígí méjì ni. Èròjà kan tó ń ṣàn bí omi wà láàárín wọn. Iná wà lẹ́yìn wọn, kì í kú. Dígí ìsàlẹ̀ kún fún fèrèsé wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí, omi yẹn ló sì ń ṣí wọn, òun náà ló ń tì wọ́n. Èyí tó bá ṣí, iná á kọjá, a ó rí funfun. Èyí tó bá tì, a ó rí dúdú. Ìyẹn ni gbogbo àwòrán tí o ń rí.

Ti ilé iṣẹ́ wọn kò dáa. Dúdú ibẹ̀ kì í dú, ṣe ló máa ń rí bí eérú. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àwọn ò rí àwòrán. Ọ̀gá ní, "Ẹ fi kún iná." Wọ́n fi kún un. Funfun ń gún ojú, dúdú tún wá ṣá sí i. Ọ̀gá ní, "Ẹ tún fi kún un." Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe wèrè yẹn! Ọ̀kan lára wọn náà ni baba ń lò nílé, iná rẹ̀ wà lókè pátápátá.

Nígbà tó sú u, ó tú ọ̀kan palẹ̀, ó fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo dígí ìsàlẹ̀. Fèrèsé tì gbọin-gbọin. Àárín fèrèsé sí fèrèsé ni dígí wà ní ìhòòhò, ibẹ̀ ni iná ń yọ́ gbà. Iná ò jẹ̀bi, omi ò jẹ̀bi. Ó gba dígí tuntun, ó fi ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí ibi tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan máa wà ká lára dígí yẹn kí wọ́n tó to ohunkóhun lé e.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. "Ìmọ́lẹ̀ là ń wá, ẹ̀yin ń kun dígí ní dúdú."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí dúdú náà ríbi dúró."

Nígbà tí wọ́n tan án, irun orí dú bí èédú, ojú èèyàn sì yọ kedere. Baba gbé e lọ sílé láti fi dán an wò.

Ọjọ́ Àìkú pé, ọmọ pè. Ojú tó ti ń dán látọjọ́ yìí kò dán mọ́. Abẹ́ ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Lẹ́yìn rẹ̀, àga kan péré ló wà nídìí tábìlì.

"Bàbá, ṣé àlàáfíà ni?"

Èsì ti wà létè baba. Ó gbé e mì.

"Rárá o, ọmọ mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, èmi nìkan ni mò ń jẹun. Ìwọ ńkọ́? Àga kan ni mo rí yẹn."

Ọmọ bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ ti kó jáde láti ọdún méjì. Ó ní, "Mo rò pé inú yín ń dùn ni, Bàbá. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

Ọdún méjì! Ka iye ọjọ́ Àìkú tó wà níbẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń purọ́ fún ara wọn, àárò ara wọn sì ń pa wọ́n kú lọ.

Ọmọ padà wálé o. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo wá bá.

Láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kan ilẹ̀kùn yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo rẹ́rìn-ín sí mi, o ní àlàáfíà ni. Àwọn ará ìjọ ń yìn ọ́: "Akínbòdé mà ṣe ọkùnrin o!" Iná ni wọ́n ń fi kún un fún ọ. Wọn kì í sì í wá mọ́, torí ìwọ lo sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà tí o ń wò látàárọ̀ yẹn, bàtà ìyàwó rẹ ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà rí i nígbà tí mò ń wọlé.

Iṣu tó wà nínú àpò yìí, ti ẹni méjì ni. Mo fẹ́ bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, má fi èsì àlejò dá mi lóhùn.

Akínbòdé, ṣé àlàáfíà ni?