Àpò Àkàrà Kuru tí Ọ̀tún Jù Nù

Ìdààmú bá Ẹfúnwùmí, opó kan ní ìlú Ìdòfẹ̀. Kò lè sùn, oúnjẹ kò sì lọ lọ́fun rẹ̀. Àìsàn kọ́, oyè ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ọba pè é síwájú àwọn ìjòyè, ó fi ewé akòko lé e lórí, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ni Ìyá Olóúnjẹ Ogun. Ohun tí àwọn ọmọ ogun yóò máa jẹ títí wọn yóò fi ṣẹ́gun Òkè-Àfọ̀n ti di ẹrù rẹ̀. Ọba wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ẹfúnwùmí, bí ebi bá tún lé ogun wa wálé, ìwọ àti gbogbo agbo ilé rẹ ni ẹ ó fi ìlú yìí sílẹ̀.” Irú oyè báyìí, ẹni tí wọ́n fi jẹ nìkan ló mọ̀ bóyá ewé ni wọ́n fi lé òun lórí tàbí ẹ̀gún.

Àwọn ará Òkè-Àfọ̀n ló ń jí ọmọ Ìdòfẹ̀ kó lójú oko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìdòfẹ̀ ti gbógun lọ bá wọn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Kì í ṣe ọfà ló lé wọn wálé, ebi ni. Àwọn jagunjagun Ìdòfẹ̀ ní àṣà kan tí wọ́n fi ń yangàn: akọni kì í gbé oúnjẹ lọ sójú ogun. Ẹni tó bá di oúnjẹ mọ́dìí, wọ́n á ní ó ti ń gbèrò àtisá. Nítorí náà, oko tí wọ́n bá kàn lọ́nà ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n á wa iṣu tí kò tíì ta, wọ́n á ya àgbàdo tútù, wọ́n á pa ewúrẹ́ olóko níṣojú olóko. Àwọn ará abúlé á sá wọgbó, wọ́n á ri èyí tó kù mọ́lẹ̀. Nígbà tí ogun bá wá ń bọ̀ wálé, ọ̀nà tí wọ́n jẹ lálọ ni yóò jẹ wọ́n lábọ̀. Ojú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọkọ Ẹfúnwùmí kú sí, láìsí ojú ọgbẹ́ kan lára rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ oyè yìí kò yé Ẹfúnwùmí mọ́, ó mú ọ̀nà odò pọ̀n, ó lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣúntọ́lá, ìyá arúgbó tó ń bọ Ọ̀ṣun, òrìṣà inú omi, tó sì ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wo ọ̀nà fún ènìyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀. Mẹ́jọ ṣíjú sókè, mẹ́jọ dojú bolẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní:

“Ọ̀nà lẹ́nu,
Ọ̀nà níkùn,
Ẹni tí kò bá bọ́ ọ̀nà,
Ọ̀nà yóò fi í ṣe oúnjẹ jẹ.

Ohun tí òrìṣà wí fún Alákàá nìyẹn, lọ́jọ́ tó ń kó ogun rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó rúbọ, kò rú. Ẹfúnwùmí, ṣé o gbọ́ orúkọ Alákàá rí?”

“Rárá, Ìyá.”

“Kò sí ẹni tó tún gbọ́ ọ. Ìwọ rú ẹbọ tìrẹ. Òbúkọ kan ni ti Èṣù ní oríta, ìyẹn kò ṣòro. Èyí tó kù ló ṣòro. Gbogbo ilé tó ní ọmọ nínú ogun ni kó mú ẹ̀wà wá. Ìyá ọmọ ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ọ́, kó dín in ní àkàrà kuru, èyí tó gbẹ, tó le, tí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ìyá náà ni kó so ó mọ́ ọmọ rẹ̀ nídìí. Ìdajì inú àpò jẹ́ ti ọmọ ogun, ìdajì jẹ́ ti àwọn ará abúlé tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Iná àti omi nìkan ni kí wọ́n tọrọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya àgbàdo kan ṣoṣo lóko olóko.”

Ẹfúnwùmí gbá àyà mú. “Háà, Ìyá! Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní mo fẹ́ sọ akọni di alákàrà.”

“Ọkọ rẹ kò gbé oúnjẹ dání, ọmọ mi. Ṣé ó padà wálé?”

Omi bọ́ lójú Ẹfúnwùmí. Ó dìde, ó lọ wá òbúkọ.

Ọjọ́ méje ni Ìdòfẹ̀ fi lọ ẹ̀wà. Ìró ọlọ kò dákẹ́, òórùn epo gba ìlú kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ rẹ́rìn-ín níwájú ìyá tó bí i? Nígbà tó di ọjọ́ tí ogun yóò gbéra, Balógun tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyá tirẹ̀, ìyá arúgbó kùjọ́kùjọ́ náà sì so àpò mọ́ ọn nídìí. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rín tán.

Ògúnrìndé nìkan ló kù, Ọ̀tún Balógun, ọkùnrin tí àyà rẹ̀ kò mọ ẹ̀rù. Àṣàbí ìyá rẹ̀ so àpò tirẹ̀ ní kókó mẹ́ta, ó sì súre fún un. Nítorí ojú ayé, Ọ̀tún gbà á. Bí wọ́n ti jáde lẹ́nu odi, ó já a, ó jù ú sígbó.

“Oko ni àká mi,” ló wí. “Kí ni òrìṣà inú omi mọ̀ nípa ogun?”

Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ hó yèè, wọ́n já tiwọn náà. Ọ̀nà ọ̀tún ni wọ́n gbà, Balógun gba ọ̀nà òsì. Ẹfúnwùmí, tó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn aláàárù, rí gbogbo rẹ̀. Ó ya wọ inú igbó, ó ṣa àpò Ọ̀tún, ó fi í sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní abúlé àkọ́kọ́ tí Balógun dé, àwọn ará ibẹ̀ ti ń di ẹrù àtisá. Wọ́n rí jagunjagun tó dọ̀bálẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì na àkàrà sí baálẹ̀. Baba náà yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja.

“Ẹ̀yin ará Ìdòfẹ̀, ẹ fẹ́ gbà ni àbí ẹ fẹ́ fún wa?”

“Iná àti omi la ń tọrọ, Baba,” ni Ẹfúnwùmí dáhùn.

Baba bù ú jẹ. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún tí ogun ti ń gba ẹ̀yìnkùlé òun kọjá, òun kò rí èyí tó gbé oúnjẹ wá rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní gbogbo abúlé títí wọ́n fi dé Òkè-Àfọ̀n.

Àwọn ará Òkè-Àfọ̀n gbọ́n. Wọ́n ti sun gbogbo oko tó yí ìlú wọn ká, wọ́n ti ilẹ̀kùn odi, wọ́n jókòó de ebi, nítorí ebi ni akọni wọn. Lórí odi ni wọ́n ti ń kọrin pé àlejò kan ń bọ̀ wá kí ará Ìdòfẹ̀. Nígbà tó di ogúnjọ́, àpò gbogbo ti ṣófo. Ẹfúnwùmí wo inú apẹ̀rẹ̀, àpò Ọ̀tún nìkan ló kù níbẹ̀, ó wo ojú àwọn ọmọ ogun. Ó ń rí agbo ilé rẹ̀ lójú ọkàn, tọmọdé tàgbà pẹ̀lú ẹrù lórí, tí wọ́n ń jáde ní Ìdòfẹ̀. Ó pe Ọ̀ṣun, ó pe orí rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, eruku sọ lójú ọ̀nà. Balógun fa idà yọ. Ogun kọ́ ló ń bọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ni, apẹ̀rẹ̀ lórí obìnrin, iṣu léjìká ọkùnrin, àti ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lókùn. Baálẹ̀ abúlé àkọ́kọ́ ló ṣáájú wọn.

“Ìyá Olóúnjẹ,” ni baba wí, “àgbàdo tí ẹ kò yà lọ́jọ́sí ti gbó. A ní ká jọ jẹ ẹ́.”

Ẹfúnwùmí bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín, ó so ọ̀já mọ́dìí, ó jó. Láti ọjọ́ náà, bí abúlé kan bá gbé oúnjẹ wá tán, òmíràn á gbé tirẹ̀ dé. Èéfín kò kúrò lórí ààrò, òórùn ẹ̀wà sì ń fò kọjá odi wọlé tọ àwọn tó dúró de ebi. Àlejò tí wọ́n ń kọrin rẹ̀ ti ṣìnà, ilé tiwọn ló yà sí. Wọ́n jẹ irúgbìn tí wọn ìbá gbìn. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n na aṣọ funfun, wọ́n sì dá gbogbo ọmọ Ìdòfẹ̀ tí wọ́n jí kó padà. Inú ìkòkò Ẹfúnwùmí ni àwọn ọmọ náà ti kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ òmìnira. Kò sí ẹyọ ọmọ ogun Balógun kan tí ebi pa.

Ọjọ́ tí wọ́n ń yọ ayọ̀ ìṣẹ́gun gan-an ni Ọ̀tún tó dé ibùdó. Ọ̀nà ọ̀tún ti jẹ ẹ́. Oko tó jẹ lọ́jọ́ kìíní ni ìkẹyìn oúnjẹ tó rí. Ìròyìn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo abúlé, wọ́n ri iṣu mọ́lẹ̀, wọ́n sá. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti yọ́ lọ sílé ní mẹ́ta, ní mẹ́rin, ìwọ̀nba díẹ̀ ló tẹ̀ lé e, igbá òfo ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ìjòyè, ó wá gbé àpò kan jáde láti inú apẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ni ín, Ọ̀tún. Ìyá yín ló so ó.”

Ògúnrìndé rí kókó mẹ́ta náà. Ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jagunjagun tí kò sunkún rí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi àpò náà bojú.

Ẹfúnwùmí padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀ṣúntọ́lá, Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà. Agbo ilé rẹ̀ gbilẹ̀ títí wọ́n fi ní láti wó ògiri kí ó lè gba èrò. Ó gbọ́ ẹbọ, ó rú, ẹbọ sì gbè é. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín ló fi àbámọ̀ ṣe oúnjẹ. Láti ìgbà náà, bí ogun bá fẹ́ jáde ní Ìdòfẹ̀, Ọ̀tún Ògúnrìndé ló máa ń dúró lẹ́nu odi, tó ń yẹ ìdí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan wò, bóyá àpò tí ìyá rẹ̀ so wà níbẹ̀.