Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹjọ

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnìkan sọ fún ẹnìkan. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan sí i, kí ẹsẹ̀ tí mo fi ń rin títì láti kékeré má gbé mi dé abúlé tó kàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó jókòó.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tó wà ní oríta, sísín ìlẹ̀kẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá tí àwọn olówó fi ń ṣe fàájì o. Wẹ́wẹ́ ni, àwọn onídígí tí kò tó hóró ọkà bàbà, tí èémí imú lásán lè gbé lọ. Ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú hun wọ́n ní ìlà-ìlà títí wọn á fi fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọn á sì tẹ́ sí àyà ìyàwó tuntun bí aṣọ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe é lójú kan náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, níbi tí télọ̀, onídìrí àti àwọn ọlọ́kadà ti ń rí i.

Ojú ọkùnrin náà ti ń lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Bí oòrùn bá ti yí díẹ̀, dúdú àti búlúù á di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Kò ní ọmọ tó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń ta fóònù ní ìlú ńlá, èkejì ní òun kò lè jókòó sójú kan bí ẹyẹlé tó ń sàba. Bátànì kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n hun mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń wá láyé ni ọwọ́ tí yóò gbé e lé kí ojú rẹ̀ tó pa dé.

Ó rí ọwọ́ náà. Obìnrin kan ni, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀, opó tó ti tó ẹni ọdún márùndínlógójì, tó wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ìka rẹ̀ gùn, sùúrù rẹ̀ sì gùn jù ú lọ. Bó bá ń hun ìlẹ̀kẹ̀, á máa kà á jáde lẹ́nu, ní ohùn kan tó dà bí orin: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..." Àléébù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Bí ẹnìkan bá kí i láàárín kíkà, á dáhùn, iye á sì dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ dúró kó ka méje tán kẹ́ ẹ tó kí i," ni télọ̀ máa ń sọ fún àwọn tó ń kọjá. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin lẹ máa tú u."

Ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé kí ọdún tó yí, òun á fi bátànì ìyá òun hàn án.

Nínú iṣẹ́ yìí, àṣìṣe kan wà tí gbogbo wọn ń ṣe. Ènìyàn á máa sín ìlẹ̀kẹ̀ ní méje méje, á wá ti ẹ̀kẹjọ bọ̀ ọ́ láìmọ̀. Bó bá tètè rí i, á tú u. Ṣùgbọ́n bó bá ti hun ogún ìlà lé e lórí, títú rẹ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí: wọ́n á mú ẹ̀mú, wọ́n á fọ́ èyí tó lé, á sì já bọ́. Àmọ́ dígí ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí, òwú ló sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ ki abẹ́rẹ́ bọ ihò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú kí ẹ̀mú tó kàn án, kí dígí tó bá fọ́ lè kọ lu abẹ́rẹ́, kó má kọ lu òwú. Lẹ́yìn náà, á fi ìka tútù tọ òwú yẹn láti mọ̀ bóyá èérún kankan ṣẹ́kù. Ọkùnrin náà ló kọ́ Ìbídùn ní èyí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá ló kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ìyàwó kan wá gba ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ máa lò. Ọ̀la ni ìgbéyàwó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Obìnrin náà gbé iṣẹ́ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó wá tún un wò.

"Bàbá, ibí yìí ńkọ́? Méje méje ni pupa lọ́wọ́ ọ̀tún. Lọ́wọ́ òsì yìí, mẹ́jọ ni mo kà."

Télọ̀ ti na ọrùn. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìyàwó. Ọ̀kan tó lé yẹn, àkọ́bí ni. Ó ti dé ilé ọkọ ṣáájú ìyá rẹ̀!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gba iṣẹ́ náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, kò rí i. Ìka ló fi kà á. Ó wá yé e pé iṣẹ́ yìí kọjá níwájú òun láàárọ̀, òun sì ní ó dára. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù náà di ìbínú, bó ti máa ń rí fún ọkùnrin.

"Ìbídùn! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn á ka méje. Ìwọ tí o ti lọ́kọ, tí o ti sin ọkọ, o ò lè ka méje!"

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìbídùn.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí.

Ọkùnrin náà fa ẹ̀mú, ó sì fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà pẹ́kẹ́. Kò ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Kò tọ òwú. Ó gbọn èérún dígí kúrò lórí aṣọ tó tẹ́ sí itan, ó sì na iṣẹ́ náà sí ìyá ìyàwó. Méje pé. Ó dára lójú. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Kíyè sí i pé kò parọ́ mọ́ obìnrin náà. Ìbídùn ló ṣì í. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹjọ kò yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ ọ́.

Láti ọjọ́ kejì, Ìbídùn kò ka ìlẹ̀kẹ̀ jáde lẹ́nu mọ́. Á dé láàárọ̀, á kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀, á jókòó, á ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀. Kò sì ṣì í mọ́. Inú ọkùnrin náà dùn.

"Ṣé o rí i," ló wí fún télọ̀, "bí èèyàn bá le díẹ̀, wọ́n á gbọ́n."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin náà ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun ní abúlé. Ó ní òun á dé lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé dé, òun kò dé.

Ọkùnrin náà ń dúró. Ó ń bẹ àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Ó di ọ̀sẹ̀ kìíní, ó di ẹ̀kẹta, ó di ẹ̀karùn-ún. Ìgbà yẹn ni ìyá ìyàwó padà wá. Abọ́ kan ló gbé dání, ìlẹ̀kẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

"Bàbá, mi ò bá ìjà wá," ó ní. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Ìjẹta ni ọmọ mi wọ̀ ọ́ lọ kí bàbá ọkọ rẹ̀ kú ọdún. Bó ti kúnlẹ̀ báyìí, ó já. Ó dà wàà sórí símẹ́ǹtì. Ọmọ mi ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀ lójú àwọn àna rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ ní bóyá àmì ni. Ẹ sáà sọ ohun tó jẹ́ kó já fún mi."

Ọkùnrin náà fa òwú jáde láti inú abọ́, ó fi ìka tọ̀ ọ́ títí ó fi dé ibi tó já. Òwú tó bá gbó a máa tú bí irun. Eléyìí gé, bí ìgbà tí abẹ́ kàn án. Èérún dígí kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ṣì há sí etí rẹ̀, ó sì gún un níka. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń rẹ́ òwú náà díẹ̀díẹ̀, nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e kọ́rùn.

"Èmi ni," ló wí. "Mo fi ìkánjú fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan."

Obìnrin náà wo ẹní tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èyí tó máa ń kà á bí orin dà?"

"Ó lọ wo ìyá rẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Á tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

"Àìsàn ìyá náà mà pọ̀ o."

"Ara ìyá rẹ̀ le," ni ọkùnrin náà dáhùn. Ìgbà tí ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara rẹ̀ ló tó yé e pé òun ni Ìbídùn sá fún.

Ní ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà kọjá odò. Ó bá Ìbídùn ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú atẹ. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbé àpótí fún un. Ọkùnrin náà kò jókòó.

"Ìbídùn, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn kò dára. Mo fi ikú ọkọ rẹ bú ọ. Dárí jì mí. Bátànì kan wà tí mo fẹ́ kọ́ ọ. Kò sí ẹni tí mo tún lè kọ́."

Obìnrin náà bó ẹ̀gúsí mẹ́ta, mẹ́rin. Kò fajú ro. Ó wo ẹ̀yìnkùlé náà yíká, ó wo ògiri, ó wo àwọn adìyẹ, ó wá wò ó.

"Ibí kọ́ lẹ ti sọ ọ́," ló wí. Ó gbé atẹ rẹ̀, ó wọlé.

Ìyá rẹ̀ bu omi fún àlejò. Àlejò mu ún, ó lọ.

Inú bí i títí ó fi dé etí odò. Òun, àgbàlagbà, òun ló rìn wá, òun ló bẹ̀bẹ̀, kí ló tún kù? Ṣé kí òun dọ̀bálẹ̀ láàárín ọjà ni? Òwú tó já náà wà nínú àpò rẹ̀. Ìka rẹ̀ bá a níbẹ̀, ó sì ń tọ̀ ọ́ láìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ronú pé láti ọgbọ̀n ọdún, òun kò tíì rí ìlẹ̀kẹ̀ tó já láàárín tí wọ́n ta kókó sí ìdí rẹ̀, tó sì gbà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún dáadáa, ó dìde dúró. Ó ní kí télọ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó ní òun bú Ìbídùn níbí yìí lójú gbogbo wọn, pé òun kò ṣe dáadáa.

"Ọ̀rọ̀ wo, Bàbá?" ni ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wí. "Èmi ti gbàgbé."

Onídìrí kò gbàgbé. Ó dorí kodò. "Èmi fi ń bú ọmọṣẹ́ mi ni," ó ní. "Bó bá ṣìṣe, mo máa ń bi í bóyá ó fẹ́ dà bí opó onílẹ̀kẹ̀."

Ọlọ́kadà kan ń họ orí. "Ẹ má bínú o, Bàbá. Àwa la sọ ọ́ ní Ìyá Mẹ́jọ. Bó bá ti ń kọjá láàárọ̀ la máa ń pariwo rẹ̀. Eré ni a fi ń ṣe o."

Ọkùnrin náà kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Lójoojúmọ́ ni obìnrin náà ń gba àárín ariwo yẹn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, kó tó kúnlẹ̀, kó tó ní ẹ káàárọ̀. Ó jókòó.

"Ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀," ó ní. "Ojú mi ń fọ́. Iṣẹ́ yẹn kọjá níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní ó dára. Ẹni tí kò rí mẹ́jọ, èmi ni. Ìtìjú ara mi ni mo gbé lé e lórí. Ẹ má pe obìnrin yẹn bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọlọ́kadà náà dìde, ó tan ọ̀kadà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ọ̀nà odò ló kọrí sí.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìbídùn dé. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Bàbá, bátànì wo lẹ ní?" Òun ló ń hun ún lónìí.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, o ti fọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kẹjọ rí. Bóyá ìyàwó rẹ ni, níwájú àwọn àbúrò rẹ. Bóyá ọmọ rẹ tó ti dàgbà ni, níwájú ẹni tó mú wálé láti fẹ́. Òótọ́ lo sọ, mo gbà. Onítọ̀hún ṣì í, o tún un ṣe, ó sì dára lójú gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà ló ti dákẹ́, ìwọ sì ń pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ọgbọ́n. Dígí ni. Ó ń rẹ́ òwú.

Mi ò bá ọ wí. Ọ̀pọ̀ wa ni ẹ̀rù ti bà rí, tí a sì fi ìbínú bò ó. Ṣùgbọ́n bó bá wá sí ọ lọ́kàn láti bẹ̀bẹ̀, má dúró dìgbà tí ilé bá dá. Má ra aṣọ dípò ọ̀rọ̀. Pe àwọn tó gbọ́ èébú náà jọ, kí àwọn gan-an gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kó o sì sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tìrẹ níbẹ̀. Á dùn ọ́. Ó yẹ kó dùn ọ́. Bó bá sì ń ṣe ọ́ bíi pé ẹ̀yìnkùlé ti tó, rántí ohun tí opó náà sọ kẹ́yìn kó tó gbé atẹ rẹ̀ wọlé. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní:

Ibí kọ́ lẹ ti sọ ọ́.