Àgbẹ̀ Tó Ṣí Òrùlé Rẹ̀ Bo Ebè

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí ojú ti ń rìn jìnnà kó tó kan òkè, ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà tí kò ní ju ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ìyàwó rẹ̀ àti oko iṣu kan lọ. Ilé rẹ̀ wà létí oko náà. Ilé alámọ̀ ni, ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ dára púpọ̀. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó nípọn, ó sì balẹ̀ débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án gangan á rò pé òun bọ́ sínú odò.

Ní ilẹ̀ náà, wọn kì í dúró de òjò kí wọ́n tó gbin iṣu. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń gbìn ín. Wọ́n á kọ ebè, wọ́n á fi èbù sínú rẹ̀, èbù náà á sì sùn síbẹ̀ títí òjò á fi wá jí i. Ṣùgbọ́n kí oòrùn má baà sè é sínú ilẹ̀, wọ́n máa ń dé ebè ní fìlà. Koríko gbígbẹ ni fìlà náà. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ebè, wọ́n á sì fi ògúlùtu tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Bí ẹnìkan bá gbin iṣu tí kò dé e ní fìlà, àwọn ará ibẹ̀ á bi í pé, "Ṣé iṣu sísun lo fẹ́ jẹ ni?"

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọ̀yẹ́ tètè kó ẹrù rẹ̀ lọ, ooru sì gba ipò rẹ̀. Ooru náà pọ̀! Alángbá kò lè dúró lójú kan. Bó bá sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, á yára gbé òmíràn. Láti àárọ̀ ni adìẹ ti ń la ẹnu sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ọkọ́ sójú oòrùn, aṣọ ló máa fi dì í mú. Odò di yanrìn, àwọn obìnrin sì ń gbẹ́ yanrìn kí wọ́n tó rí omi bù.

Gbogbo èbù tí ọkùnrin yìí ní ti wà nínú ilẹ̀. Kò ṣẹ́ ọ̀kankan kù sílé. Bí oòrùn bá pa á, kò ní sí oúnjẹ lọ́dún yẹn, kò sì ní sí ohun tí yóò gbìn lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ló ṣe fi pápá bẹẹrẹ kan sílẹ̀ lẹ́yìn oko fún fìlà ebè, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bẹẹrẹ náà ga ju ènìyàn lọ, ó sì ti gbẹ. Ní àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ gé e, ó ti pọ́n dòjé, ìyàwó rẹ̀ sì ti ká òṣùká sórí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ dé.

"Ìwọ àgbẹ̀!" Olórí ọdẹ ló ń pariwo láti òkèèrè. "Dòjé lo mú dání? Ju ú nù, wá mú kùmọ̀! Ọ̀yà inú pápá rẹ yìí pọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ṣèpàdé. Ká fi iná yí i ká, kó tó di ọ̀sán a ti kó ẹran."

Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, kò tilẹ̀ sọ òṣùká kalẹ̀. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká gé koríko wa ná. Kí wọ́n wá jó ìyókù."

"Àwẹ̀ró, ẹran ló ń sá. Koríko kì í sá. Ṣé o kò rí pápá tó wà lọ́hùn-ún ni? A óò gé tibẹ̀ lọ́la."

Ó ju dòjé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bá wọn lọ.

Ẹ̀yin èèyàn, ọdẹ ṣíṣe náà dùn! Iná ń hó bí òjò ńlá tó ń bọ̀ lókèèrè. Àwòdì kún ojú ọ̀run, wọ́n ń já wálẹ̀ gba tata nínú èéfín. Ọ̀yà bẹ́ jáde, ehoro bẹ́ jáde, kùmọ̀ ń lọ sókè sódò. "Mú un! Mú un! Ó ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ kọjá, ìwọ yìí náà!" Àgbẹ̀ náà lé ọ̀yà ńlá kan títí, ó fi àyà dà lé e lórí, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà, tí iná fo ọ̀nà kọjá bọ́ sí pápá tó wà lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó kà á sí. Ẹran wà lọ́wọ́ kálukú. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, epo ẹran ń tàn ní ẹnu àgbẹ̀ náà, ó sì ń tún ìtàn ọ̀yà náà sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jáde láti lọ gé koríko. Ilẹ̀ dúdú láti ẹ̀yìn oko rẹ̀ títí dé ìdí òkè. Kò sí koríko kankan níbẹ̀ mọ́. Eérú ló ń fò.

Ó ki ọwọ́ bọ ebè kan, ó sì fà á jáde kíákíá. Ó gbóná bí ilẹ̀ abẹ́ ààrò. Ó hú èbù inú rẹ̀ jáde. Ara èbù náà ti rọ̀, ìka rẹ̀ sì wọnú rẹ̀.

Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Koríko tẹ́ ẹ ní kì í sá dà?"

Ọkọ rẹ̀ fi oko sílẹ̀. Ó lọ bá olórí ọdẹ, ẹni tó ń yan ẹran lórí iná lábẹ́ igi. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Fi irun ọ̀yà bò ó!" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín rẹ̀. Ó lọ bá àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà. Koríko tó kù lọ́wọ́ wọn ni èyí tó wà lórí ebè wọn. Ẹni tó bá fún un nínú rẹ̀, iṣu ara rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún oòrùn. Ó já ewé igi ẹ̀mí tí wọ́n ń rí òrí lára rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ebè. Afẹ́fẹ́ kó o lọ lójú rẹ̀. Ó kó ẹní ilé síta. Ẹní mélòó ni ilé tálákà ní?

Nígbà tó di ọ̀sán, ó rẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ tutù. Àwẹ̀ró bu omi wá fún un nínú igbá. Ó gbé orí sókè láti mu ún, ojú rẹ̀ sì lọ sí òrùlé. Kò mu omi náà mọ́.

"Àwẹ̀ró, kí ni wọ́n fi kọ́ òrùlé yìí?"

"Ṣé oòrùn ti wọ̀ yín lórí ni? Bẹẹrẹ ni."

"Bẹẹrẹ ni!" Ó ti dìde.

"Bẹẹrẹ ni. Àbí mo purọ́?"

Ó ti ń sáré lọ gbé àkàbà. Nígbà tí obìnrin náà mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó di aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ dúró ná. Níbo la máa sùn? Níbo la máa sá sí nínú oòrùn tó ń pa ewúrẹ́ yìí?"

"Àwa ní ẹsẹ̀, Àwẹ̀ró. A lè máa tẹ̀lé ibòji kiri. Èbù kò lẹ́sẹ̀."

Obìnrin náà wo òrùlé, ó wo oko. Ó tú ọwọ́ lára aṣọ rẹ̀, ó fún ìró mọ́ ìdí dáadáa, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ máa jù ú sílẹ̀. Ẹ rọra, kó má fọ́n ká."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé wọn! Ìtí koríko ń já bọ́ pẹ̀lú eruku, èédú àti ilé agbọ́n àtijọ́. Ọ̀bẹ kan já bọ́ láti àárín rẹ̀, ọ̀bẹ tó ti sọnù, tí Àwẹ̀ró ti tìtorí rẹ̀ bú gbogbo ìdílé ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ọ̀bẹ náà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí iná ti jó. Nígbà tí koríko ilé tán, wọ́n ṣí ilé ìdáná. Nígbà tí ti ìdáná tán, wọ́n ṣí ilé ewúrẹ́. Wọ́n ń sáré láti ebè dé ebè, obìnrin ń tẹ́ koríko, ọkùnrin ń gbé ògúlùtu lé e.

Àwọn ọdẹ ń kọjá lọ. Olórí wọn dúró. "Ẹ wá wo ọkùnrin tó ṣí fìlà lórí ara rẹ̀ dé iṣu!"

"Iṣu náà á dá a padà fún mi!"

"Lọ́jọ́ wo?"

"Lọ́jọ́ tí o bá wá bá mi jẹ ẹ́!"

Koríko kò dé orí gbogbo ebè. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun oko kú. Oòrùn sì wá mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tọkọtaya náà ń bá ibòji igi ìgbá tó ń so irú rìn yípo ìdí rẹ̀. Bó bá kúrò lápá kan, wọ́n á gbé àpótí wọn tẹ̀lé e. Wọ́n ń rẹ aṣọ sómi, wọ́n ń fi bo orí. Àwẹ̀ró ní oòrùn ti wọnú ọbẹ̀ òun, pé kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ má wulẹ̀ dá iná. Àkókò òjò dé, òjò kò dé. Nígbà mìíràn ọkùnrin náà á wo òrùlé àwọn ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ á fà sí i gan-an. Lẹ́yìn náà á lọ sí oko, á ki ọwọ́ sábẹ́ fìlà ebè. Ibẹ̀ tutù. Á sì padà sídìí igi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ki ọwọ́ sábẹ́ fìlà ebè kan, nǹkan kan kan ìka rẹ̀. Ó ṣí koríko díẹ̀. Ohun náà funfun, ó mú ṣónṣó bí eyín ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Ó ti hù!"

Obìnrin náà ju korobá sílẹ̀ sáré wá. Wọ́n ń lọ láti ebè dé ebè, wọ́n ń yọjú wo abẹ́ koríko, wọ́n ń pe ara wọn. "Èyí náà ti hù!" "Ẹ wo èyí, ó ti ju ìka mi lọ!" Wọn kò gbọ́ ààrá àkọ́kọ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí wọn lára ni wọ́n tó gbójú sókè. Ojú ọ̀run ti ṣú.

Òjò dé pẹ̀lú ariwo. Wọ́n sáré, bí gbogbo èèyàn ti ń sáré fún òjò, wọ́n wọlé, wọ́n sì dúró sáàárín yàrá. Òjò ń rọ̀ sí wọn lórí gẹ́gẹ́ bó ti ń rọ̀ níta.

Àwẹ̀ró nu omi kúrò lójú. "Olówó orí mi, ilé wa ń jò."

"Kò jò," ni ọkùnrin náà wí. "Kò lórí ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Ògiri kan wó lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì lo gbogbo ìgbà òjò náà ní yàrá ẹ̀yìn kan nílé àbúrò Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n iṣu ta. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, olórí ọdẹ bá wọn jẹ nínú rẹ̀, ó sì bá wọn gun àkàbà nígbà tí wọ́n ń kọ́ òrùlé tuntun.

Ìwọ tí mo sọ èyí fún, o ti jó pápá tìrẹ: ohun tó yẹ kó bo àwọn ọmọ rẹ lo ti ná sórí ìgbádùn. O ti jẹ ẹran rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọ. Ní báyìí ojoojúmọ́ lò ń lọ dúró síwájú eérú, tí ò ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé koríko pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ wà nínú oòrùn láìbò. Padà sílé. Jókòó síbi tó tutù jù lọ nínú ayé rẹ, síbi tó tù ọ́ lára jù tí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, kí o sì gbé ojú sókè wo ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, lọ gbé àkàbà, kí o tú u bo àwọn ọmọ rẹ. Oòrùn ti ń mú.