Ọ̀pá Ìgunkè àti Ajá Tó Ń Jẹ́ Ṣetìẹ

Ajá méjì ni Bàbá Àkàngbé ní, ẹ má sì rẹ́rìn-ín sí orúkọ wọn o. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rẹ̀mí, ló sọ wọ́n lórúkọ nígbà tí òun àti ará ilé kejì ń jà. Ó pe ìyá ajá ní Ṣetìẹ, ó pe ọmọ rẹ̀ ní Kíńṣetèmi. Bó bá ti ń pè wọ́n jẹun láàárọ̀, ará ilé kejì á ti fèrèsé rẹ̀ gbàgà! Kò lè lu Ìyá Rẹ̀mí, ló bá ń fi igi lu Ṣetìẹ.

Nígbà tí Ìyá Rẹ̀mí kú, ìjà parí, ó ku ajá. Bàbá kì í jẹun kí Ṣetìẹ má jẹ. Á ní, "Ohun tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ fún mi nìyí."

Lọ́jọ́ kan, Rẹ̀mí ọmọ rẹ̀ kó bàbá àtàwọn ajá sínú mọ́tò, wọ́n fẹ́ lọ wo Òkè Aṣàlejò, àpáta ńlá kan báyìí. Kíńṣetèmi bì sórí àga lọ́nà. Bàbá ní òórùn epo mọ́tò ni, kì í ṣe àkàrà tí òun ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti ilé.

Nísàlẹ̀ òkè, wọ́n fi Kíńṣetèmi sílẹ̀ sínú mọ́tò, ọkùnrin tó ń mú àlejò gòkè sì fún bàbá ní ọ̀pá ìgunkè.

"Bàbá, kí lorúkọ ajá yín yìí?"

"Ṣetìẹ."

"Ẹ má bínú sà, mo kàn béèrè ni."

Rẹ̀mí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n dé orí òkè, aláńgbá kan sá kọjá, Ṣetìẹ fò tẹ̀lé e. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ síbi tí àpáta ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó bá ara rẹ̀ létí ọ̀gbun. Bàbá na ọ̀pá sókè, ó pariwo:

"Ṣetìẹ! Máa bọ̀ ńbí!"

Ajá wo bàbá, ó wo ọ̀pá, ó sún sẹ́yìn. Òkúta wẹ́wẹ́ já lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn ò gbọ́ ìró ibi tó bọ́ sí. Bàbá tún na ọ̀pá sókè. Ajá tún sún.

"Bàbá, ọ̀pá yẹn ló ń bà á lẹ́rù! Ẹ jù ú nù!"

"Rẹ̀mí, kí ni màá wá fi dúró? Ṣé ẹsẹ̀ mi yìí?"

"Ẹ jókòó!"

Àgbà fi ìdí jókòó sórí àpáta gbígbóná. Ó ju ọ̀pá sẹ́yìn, ó na ọwọ́ òfìfo. Ó wá fi ohùn pè é, ohùn tín-ín-rín bíi ti Ìyá Rẹ̀mí gan-an:

"Ṣetìẹ o, Ṣetìẹ, wá jẹun."

Ìrù mì. Ajá fi ikùn wọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ti imú bọ àtẹ́lẹwọ́ bàbá. Bàbá gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń bú u: "Olórí kunkun! O fẹ́ lọ bá ìyá rẹ, o fẹ́ fi mí sílẹ̀, àbí?"

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá kọ ọ̀pá. Èjìká Rẹ̀mí ló dì mú.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ pé òwe tí mo fẹ́ pa yìí ti wà kí mọ́tò tó dé. Ta ló wà níbẹ̀ nínú yín? Ẹ ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í mú ọ̀pá lọ́wọ́ pe ajá.