Ohun Tó Wúwo Lára Òkété

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò pìrì, ó bà lé Òkété, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò àwọn ẹranko kéékèèké. Kí wọ́n tó jà, oníjà á gun ẹ̀ka igi etí odò. Bí ẹ̀ka bá kan omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti sanra jù, kò ní jà.

Òkété gbààwẹ̀ títí ó fi gbẹ bí panla. Síbẹ̀, ẹ̀ka kan omi. Ó fá irun, ẹ̀ka tún kan omi. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, lanu!
Tẹ̀ǹtẹ̀!
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wú!
Tẹ̀ǹtẹ̀!

Òkété lanu. Ekùrọ́ tó ti kó sẹ́rẹ̀kẹ́, tó sì gbàgbé, dà sódò. Ẹ̀ka ta sókè!

"Háà! Ọpẹ́ o!"

Ẹ̀yin ọmọ, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú, oúnjẹ sì wà lẹ́nu rẹ̀.